Kí oníṣòwò Ìdànrè tó kówó lé kọ́lájìn ẹja: oore rẹ̀, ewu rẹ̀ àti ohun tí òfin sọ

Nígbà tí owó kòkó gbéra sókè lọ́dún 2024, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, inú àgbẹ̀ nìkan kọ́ ló dùn n'Ìdànrè. Ìlú tí ọjà rẹ̀ ń wo ojú kòkó ni. Bí owó bá ti wọ ọwọ́ àgbẹ̀, aláṣọ á tà, oníbàtà á tà, ẹni tó ń ta ohun ìṣaralóge náà á rí tirẹ̀ ṣe. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ló máa ń wu àwọn tó ń pín ọjà olówó ńlá láti wá àwọn ìlú kòkó wá. Ọ̀kan lára irú ọjà bẹ́ẹ̀ tó wà lóde báyìí ni kọ́lájìn ẹja, ìyẹn pọ́dà tàbí kápúsù tí wọ́n ń fi awọ, ìpẹ́ àti egungun ẹja ṣe. Àwọn tó ń tà á ní ó ń jẹ́ kí awọ ara jọ̀lọ̀, ó ń lé ìhunjọ kúrò lójú, ó ń wo orúnkún, ó tún ń mú irun hù.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ yìí, èwo ló dájú? Èwo ló lè kó ọlọ́jà sí wàhálà bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún oníbàárà? Ìbéèrè méjèèjì yìí ló yẹ kí ó ti ní ìdáhùn kí owó tó kúrò lápò.

Kọ́lájìn fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan àjèjì. Pùròtéènì ni, òun ló sì pọ̀ jù nínú àwọn pùròtéènì tó wà lára èèyàn. Bí èèyàn bá pín gbogbo pùròtéènì ara sí ọ̀nà mẹ́wàá, bíi mẹ́ta nínú rẹ̀ ló jẹ́ kọ́lájìn. Òun ló di awọ, egungun, iṣan àti oríkèé mú. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga sí i, èyí tí ara ń ṣe máa ń dín kù, oòrùn àti sìgá sì máa ń tètè ba èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ti fi ogún ọdún dúró sínú oòrùn sá kòkó kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un, dígí á ti sọ fún un.

Ẹni tó bá sì ti jẹ pọ̀nmọ́ rí ti jẹ kọ́lájìn. Awọ màlúù ni pọ̀nmọ́, kọ́lájìn ló sì pọ̀ jù nínú pùròtéènì tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2022, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ nípa awọ ní Zaria, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yakubu, sọ pé àwọn fẹ́ kí wọ́n ṣòfin tí yóò fòpin sí jíjẹ pọ̀nmọ́, nítorí pé kò ṣe ara lóore kankan. Ariwo ńlá ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà yóò pa ẹni tó bá rò ó dáadáa: ohun tí wọ́n ní kò wúlò nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ń tà lówó gọbọi nígbà tó bá ti wọ inú agolo.

Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ti inú agolo máa ń gé kọ́lájìn náà sí wẹ́wẹ́ kí ó lè yòrò nínú omi, kí ìfun sì tètè gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé tán, kì í ṣe pé yóò kọrí sí ojú tààrà lọ dí ibi tó ti hun. Ara yóò tú u, yóò lò ó síbi tó bá wù ú, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe sí pùròtéènì inú ẹ̀wà àti ẹyin. Kí ara tó lè fi ohunkóhun ṣe kọ́lájìn tirẹ̀ pàápàá, ó nílò fítámìn C, èyí tó kún inú ọsàn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì.

Òwò tó wà nídìí awọ ẹja kì í ṣe kékeré lókè òkun. Ẹja cod, tí orí rẹ̀ gbígbẹ ń ti Norway àti Iceland wọ ọjà Nàìjíríà, awọ rẹ̀ kì í ṣòfò mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Iléeṣẹ́ Kerecis ní Iceland ń fi awọ ẹja yìí ṣe ohun tí dókítà ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Lọ́dún 2023, iléeṣẹ́ Coloplast ti ilẹ̀ Denmark gbà láti rà á ní iye tó lè tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Awọ ẹja tí a máa ń jù fún ológbò nìyẹn. Kí alágbàtà má ṣe wá fi ìtàn egbò ta kápúsù fún ẹnikẹ́ni ṣá, ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ egbò àti ohun tí èèyàn gbé mì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìwádìí ti wáyé lórí èyí tí wọ́n ń mu, ó sì pọ̀. Lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí kó ìwádìí 19 jọ, èyí tí èèyàn 1,125 kópa nínú rẹ̀, tí obìnrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Wọ́n rí i pé láàárín bí àádọ́rùn-ún ọjọ́, awọ àwọn tó mu kọ́lájìn lómi lára sí i, ó dán, ìhunjọ rẹ̀ sì dín kù ju ti àwọn tí wọ́n fún ní ohun tí kò sí kọ́lájìn nínú rẹ̀. Irú ìwádìí yìí ni àwọn tó ń pín ọjà máa ń tọ́ka sí, wọn kò sì parọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2025, àwọn olùwádìí láti South Korea gbé tiwọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí 23 ni wọ́n yẹ̀ wò, èèyàn 1,474 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá béèrè ohun tí oníṣòwò èyíkéyìí ìbá béèrè: ta ló sanwó? Nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, kọ́lájìn ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ya èyí tí àwọn iléeṣẹ́ náwó sí sọ́tọ̀, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ nínú àwọn ìwádìí tí iléeṣẹ́ kankan kò náwó sí, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbójú lé, yálà nínú omi ara, dídán awọ tàbí ìhunjọ. Bákan náà ló rí nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ìṣọ́ra jù lọ. Èyí kò sọ pé irọ́ pátápátá ni kọ́lájìn. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó ń jẹrìí sí ọjà náà jù lọ ni ẹni tó ń tà á.

Ti orúnkún náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn kan wà tí ìrora wọn fúyẹ́ nínú ìwádìí, ṣùgbọ́n àjọ EFSA, tó ń ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ń sọ nípa oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù, wò ó lọ́dún 2011, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti sọ pé ó ń tọ́jú oríkèé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún ìyá àgbà pé bó bá ti mu agolo kan, yóò gun àtẹ̀gùn 682 tó wà ní Òkè Ìdànrè láìsinmi, ẹnu ara rẹ̀ ló ń sọ.

Ìṣirò kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í ṣe. Gíráàmù 2.5 sí 10 lóòjọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò nínú àwọn ìwádìí tó yọrí sí rere. Kápúsù tó bá jẹ́ mílígíráàmù 500, márùn-ún rẹ̀ ló máa tó 2.5, ogún rẹ̀ ló máa tó 10. Bí 60 bá wà nínú agolo kan, tí oníbàárà ń lo márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ méjìlá péré ni agolo náà máa gbé. Láti lò ó fún oṣù mẹ́ta, agolo mẹ́jọ ni yóò rà. Bí ọlọ́jà bá sọ fún un pé kó máa lo ẹyọ kan láràárọ̀ kó lè pẹ́ lọ́wọ́, owó rẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Ní ti ewu, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mu ún láìsí wàhálà. Àwọn kan máa ń ní inú wíwú, ìgbẹ́ gbuuru, àyà títa tàbí kí ẹnu wọn máa rùn bí ẹja. Èyí kì í pa èèyàn. Èyí tó lè pa èèyàn ni ti ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹja. Ẹja ló wà nínú agolo yẹn, bó ti wù kí wọ́n fi adùn ọsàn tàbí sitirọ́bẹ́rì bò ó tó. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa yún, ètè rẹ̀ lè wú, ọ̀nà ọ̀fun lè dí, kí èémí sì nira láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí ọlọ́jà kọ́kọ́ bi oníbàárà kó tó gba owó: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹja tàbí edé kì í bá yín lára jà?" Kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ.

Ẹni tó ti ní òkúta inú kíndìnrín rí náà yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà. Èròjà kan wà nínú kọ́lájìn tí ara máa ń sọ di óksáléètì, èyí tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ fi ń dì. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé óksáléètì inú ìtọ̀ pọ̀ sí i nígbà tí àwọn èèyàn jẹ 30 gíráàmù jẹ́látìn, tó jẹ́ ọmọ ìyá kọ́lájìn. Iye yẹn ju èyí tí wọ́n sábà ń mu lọ lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan wà tó gbà pé bó bá ti pọ̀ tó ló ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Aboyún àti ìyá ọlọ́mú, ìwádìí lórí wọn kò tó, dókítà wọn ni kó sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi rọ́pò oúnjẹ, nítorí ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí pùròtéènì tó pé gbọ́dọ̀ ní kò sí nínú kọ́lájìn rárá.

Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tó ń béèrè ti ẹja, nítorí pé wọ́n ń fi awọ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe àwọn kọ́lájìn mìíràn. Kí ọlọ́jà wo ara kápúsù náà dáadáa o. Inú rẹ̀ lè jẹ́ ẹja, kí èèpo tí wọ́n fi bò ó sì jẹ́ jẹ́látìn màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń ní èròjà tí ń mú ara funfun nínú. Ọjà mìíràn nìyẹn, wàhálà mìíràn sì ni.

Ní ti òfin, Òfin 19 ọdún 1993 tó de ìforúkọsílẹ̀ oúnjẹ àti oògùn kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó irú ọjà yìí wọlé, kó polówó rẹ̀ tàbí kó tà á láìjẹ́ pé àjọ NAFDAC ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá rú u lè san tó N50,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún méjì, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Owó ìtanràn yẹn kò tó nǹkan mọ́ láyé ìsinsìnyí, àmọ́ ẹ̀wọ̀n kì í sọ owó iyebíye rẹ̀ nù. Nọ́ńbà NAFDAC tí wọ́n tẹ̀ sára agolo kò tó, nítorí nọ́ńbà ṣe é jí. NAFDAC ní àkójọ orúkọ ọjà tí wọ́n ti fọwọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Greenbook ni wọ́n ń pè é. Orí fóònù ni ọlọ́jà ti lè wò ó bóyá orúkọ, iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà bára mu. Ọ́fíìsì wọn sì wà l'Ákùrẹ́, kò jìnnà sí Ìdànrè.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ká sọ pé ọlọ́jà ra agolo ogún ní N15,000, tó ń ta ọ̀kan ní N18,000. N300,000 ló fi sílẹ̀. Bó bá ta mẹ́rìndínlógún, tí ọjọ́ ìlò mẹ́rin tó kù kọjá lórí àtẹ, N288,000 ló rí gbà. Ó ti pàdánù N12,000 nínú owó orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì sí nínú ìṣirò yẹn.

N'Ìdànrè, agolo mẹ́rin kò ṣòro kó kù sílẹ̀. Owó kòkó ti já wálẹ̀ gan-an láti ibi tó dé lọ́dún 2024. Owó àgbẹ̀ kì í sì í wọlé bákan náà yípo ọdún. Oníbàárà tó ra agolo kan nígbà tí kòkó pọ̀ lè má padà wá ra èkejì nígbà tí òjò bá dé, kò sì ní lò ó tó oṣù mẹ́ta tí ìyàtọ̀ kankan fi lè hàn. Yóò wá sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọjà lágbájá kò ṣiṣẹ́. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló máa bà jẹ́, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ tó wà lókè òkun.

Àwọn tó ń fà á létí ọlọ́jà pé kó ra odidi páálí kan, kó sì mú èèyàn méjì wá kó tó lè jèrè, kì í fẹ́ kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ọlọ́jà tó bá fẹ́ gbìyànjú lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agolo mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti wo ọjọ́ ìlò wọn, kó gba rìsíìtì, kí ẹni tó ń kó ọjà fún un sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun yóò gba èyí tí kò bá tà padà nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ ìlò rẹ̀ pé. Bí onítọ̀hún bá kọ̀ láti kọ ọ́, ọlọ́jà ti mọ ibi tí àdánù máa já sí.