Yíyan Rúta fún Iṣẹ́ Igi Inú Ilé

Rúta ni ẹ̀rọ tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń la ojú pákó, tí ó sì fi ń dá àrà sí etí rẹ̀. Ẹni tí yóò ra tòkúnbọ̀ ní Ìkẹjà tàbí Agége, kí ó kọ́kọ́ ka àkọlé ara rẹ̀. Volt 120 ni ti Amẹ́ríkà, 230 ni iná tiwa; láìsí tìràǹsífọ́mà, yóò jó.

Ọrùn abẹ ni ó léwu jù. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà a máa gba mìlímítà 6.35, ti Jámánì 6 tàbí 8. Abẹ 6 yóò wọ ihò 6.35 wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní dúró ṣinṣin. Ó lè fò lu ojú ẹni. Fún àga àti férémù, rúta kékeré tó, lójú tèmi. Ìrókò le: díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa gbẹ́ ẹ, kí a sì bo imú.