Páìpù Gáàsì Tó So Orílẹ̀-èdè Mẹ́rin Pọ̀

Àwa tí a ń gbé abẹ́ Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, títí dé Ẹmùré àti gbogbo ìhà gúúsù Èkìtì, inú sìlíńdà ìdáná ni a ti mọ gáàsì. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, tí ó ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀ Niger Delta, tí wọ́n sì ti ń dáná sun dànù lójú kànga epo láti ọdún gbọọrọ, nígbà tí àwọn aládùúgbò wa ní ìwọ̀ oòrùn ń wá ohun tí wọn yóò fi tanná.

Ní 1982 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, dá a lábàá pé kí a fa gáàsì yìí gba ẹnubodè kọjá, ṣùgbọ́n oṣù kìíní ọdún 2003 ni Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ghana tó tọwọ́ bọ àdéhùn. Páìpù náà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 678 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ ní Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ó ti ń gba gáàsì lọ́wọ́ páìpù tó ti Escravos ní Niger Delta wá. Nígbà tí ó bá dé agbègbè Àgbádárìgì, ẹ̀rọ ńlá a fún gáàsì náà pọ̀ kí ó lè ní agbára ìrìn, gáàsì á sì gba ìsàlẹ̀ òkun lọ, á ya sí Kútọnu, Lome àti Tema, kí ó tó gúnlẹ̀ sí Takoradi. Ní ìparí 2008 ni gáàsì kọ́kọ́ dé Ghana.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ní oṣù kẹjọ 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi já páìpù náà nítòsí Lome, gáàsì sì dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí iná ọba Ghana fi di ségesège. Lẹ́yìn náà ni gbèsè tún dé: ìgbà kan wà tí olùtà dín gáàsì kù nítorí owó tí Ghana jẹ, ìgbà mìíràn sì wà tí èyí tó ti Nàìjíríà lọ kò tó iye tí a ṣèlérí. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò já sí asán, nítorí láti 2019 ni Ghana ti ń fi páìpù yìí kan náà gbé gáàsì tirẹ̀ láti Takoradi padà sí Tema.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé irin nìkan kò lè so orílẹ̀-èdè pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ẹni tó rà sanwó lásìkò, kí ẹni tó tà mú ìlérí ṣẹ, kí àwọn ìjọba wa sì dẹ́kun sísun ọrọ̀ yìí dànù, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè kan àwọn ìlú tí páìpù kò gbà kọjá.