Ta Ló Kọ́kọ́ Rí Àmì Òkú Lára Sẹ́ẹ̀lì?

Níbi ìsìnkú kan lágbègbè Bissonnet, ní Houston, ni mo ti jókòó ti ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òkú tí a wá sin ti pẹ́ ní mọ́ṣúárì, torí àwọn ọmọ ń dúró de aṣọ ẹbí láti Èkó. Ìyá ṣe ṣìọ̀. "Ọmọ mi, ara wa gbọ́n jù wá lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kú níbẹ̀ kì í sun ibẹ̀ mọ́jú. Ìlú yìí náà ni wọ́n sì ti rí bó ṣe ń ṣe é."

Mo rò pé ìfẹ́ ìlú ló ń ṣe wọ́n ni. Nígbà tí mo wádìí rẹ̀, ìjà ni mo bá níbẹ̀.

Pé àwọn ọmọ ogun ara máa ń gbé nǹkan mì, Élie Metchnikoff ti rí i ní Messina lọ́dún 1882, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908. Èyí tó le ni bí wọ́n ṣe ń mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Ìpele méjì ni awọ sẹ́ẹ̀lì ní. Ọ̀rá kan tó ń jẹ́ phosphatidylserine, ìpele inú ló ń gbé, sẹ́ẹ̀lì kì í sì jẹ́ kó rìn síta. Bí ikú bá dé, ìṣọ́ náà tú, ọ̀rá yọ sójúta, macrophage, sẹ́ẹ̀lì agbókùúmì, á rí i, á sì gbé e mì.

Ta ló rí àmì yìí? Ẹni tó bá ń gbè lẹ́yìn Houston á ní Alan Schroit ni. Ní ilé ìwòsàn MD Anderson, ní Houston, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rá náà sára sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n dá a padà sínú ara eku, ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú sì ń kó wọn kúrò lójú ọ̀nà. Ọdún 1985 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn Denver á ní rárá o, Valerie Fadok ni. Ní 1992, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń kú máa ń yọ ọ̀rá yìí síta, òun sì ni macrophage fi ń dá a mọ̀. Ìwé ti Denver yìí ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí.

Lójú tèmi, Schroit fọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì sára sẹ́ẹ̀lì. Fadok rí sẹ́ẹ̀lì tó fúnra rẹ̀ yọ àmì. Ìyàtọ̀ yẹn tó ìyàtọ̀. Fadok alára, dókítà ẹranko ni, Houston yìí ló sì padà wá tọ́jú awọ ajá sí!

Ìjà kejì tún wà. Ní 2000, ẹgbẹ́ Fadok kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn ti rí ọwọ́ tí macrophage fi ń di àmì náà mú. Nígbà tó fi di 2004, àwọn mìíràn ti tọ́jú eku tí kò ní ọwọ́ náà, macrophage rẹ̀ ṣì ń gbé òkú mì geere. Láàárín ìyẹn, ní 2001, Zheng Zhou àti Robert Horvitz rí CED-1 lára aràn kékeré kan, òun sì ni sẹ́ẹ̀lì aràn náà fi ń dá òkú mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Baylor, ní Houston, ni Zhou ti ń bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn náà.

Ibi tó kàn wá gan-an ni ẹ̀jẹ̀ SS. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó pé máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti SS kì í sábà kọjá 20. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń yọ ọ̀rá yìí síta kí ọjọ́ wọn tó pé, àwọn onímọ̀ sì kà á mọ́ ohun tó ń dá ẹ̀mí wọn légbodò. Nítorí náà ni mo ṣe fura pé ìwé ti Houston, tó dá lórí ẹ̀jẹ̀ pupa, ló sún mọ́ ilé wa jù, bí a tilẹ̀ gbà fún Denver pé òun ló borí.