Ikọ̀ Agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1949: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Bàtà

1.0 Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti ọdún 1949, ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí ni pé ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn kan a máa fi èyí rẹ́rìn-ín; àwọn mìíràn a ní òun ni ó jẹ́ kí wọ́n pàdánù. Èrò méjèèjì kù díẹ̀ káàtó.

2.0 Bí Ìrìn-àjò Náà Ṣe Lọ

Agbábọ́ọ̀lù 18, tí Etim Henshaw jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi Apapa lọ sí Liverpool ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Teslim Balógun àti Titus Okere wà lára wọn. Bọ́ọ̀lù kọ́ ni iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ wọn fi báńdéèjì di ọrùn-ẹsẹ̀, wọn kò sì wọ bàtà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, wọ́n na ikọ̀ Marine ní Crosby, 5 sí 2. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án: wọ́n borí nínú 2, wọ́n gbá ọ̀mì nínú 2, wọ́n sì pàdánù 5.

3.0 Ọ̀rọ̀ Bàtà

Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lórí ilẹ̀ líle, irú èyí tí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ń sá gbẹ ní Ìgbòho àti Ṣakí, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń kọ́ bọ́ọ̀lù. Kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti London ní 1948, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù India kò wọ bàtà, síbẹ̀ 2 sí 1 péré ni Faransé fi borí wọn.

Òótọ́ ni pé bí òjò bá rọ̀ tí koríko sì ń yọ̀, ẹni tí ó wọ bàtà bọ́ọ̀lù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bàtà nìkan ni, ta ni ìbá borí ní Crosby? Ó yẹ kí a ka ojú ọjọ́ àjèjì mọ́ ọn, kí a sì ka ìdíje mẹ́sàn-án tí ó tẹ̀lé ara wọn kíákíá.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, wọ́n na Sierra Leone ní Freetown, 2 sí 0. Ìdíje yìí ni a kà sí àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá. Lẹ́yìn náà, Okere lọ sí Swindon Town. Ní 1956, Balógun wọ Queens Park Rangers. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá díwọ̀n ìrìn-àjò náà gbọ́dọ̀ wo ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí ó tó wo ẹsẹ̀.