Àtúnṣe Òòlu Aránbàtà

Ilé-iṣẹ́ ńláńlá kún agbègbè Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ní Agége tí kò jìnnà sí i, àwọn aránbàtà ṣì ń fi ọwọ́ rán awọ. Òòlu, irin ṣóńṣó tí a fi ń lu awọ kí òwú lè rí ọ̀nà kọjá, ni olórí irin-iṣẹ́ wọn. Ẹlòmíràn a máa pọ́n wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ láti fi ṣe é.

Àbùkù méjì ni irú òòlu bẹ́ẹ̀ ní. Èkíní, èèkù rẹ̀ a máa tẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa gún àtẹ́lẹwọ́ tí ó ń tì í. Bí a bá fi igi líle gbẹ́ èèkù tí ìdí rẹ̀ rí bí ẹyin adìẹ, yóò kún ọwọ́, kò sì ní tètè dá egbò síni lára.

Èkejì, ẹnu rẹ̀ rí roboto. Ṣe ni ó ń fi agbára ti awọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí a bá pọ́n ọn ní igun mẹ́rin pẹlẹbẹ, yóò gé awọ wẹ́rẹ́, ihò náà yóò sì padé mọ́ òwú. Ṣùgbọ́n kí a dá ihò kọ̀ọ̀kan ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá tò gbọọrọ lójú kan, awọ yóò fàya bí ìwé.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òòlu rí fún ẹni tí ó fẹ́ kí ọwọ́ òun pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.