Ìwé Owó Inú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Kò Tíì Kú

Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, àwọn oníṣòwò àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ a máa gbé fáìlì àtijọ́ tọ̀ mí wá. Ti ẹnì kan jẹ́ ìwé owó ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù àwọn ẹlẹ́ja. Ti ẹlòmíràn jẹ́ orúkọ àwọn ọmọ tó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́. Kọ̀ǹpútà tuntun kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà: bí ìyá arúgbó kan bá wá béèrè owó tí ó ti ń dá láti ọdún 1995, kí ni akọ̀wé yóò fi jẹ́rìí fún un?

Kí ló fa ìṣòro yìí? Láàárín ọdún 1980 sí 1990, dBASE ti ilé-iṣẹ́ Ashton-Tate wà lára ohun tí ayé fi ń to orúkọ àti owó sínú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1991, Borland ra Ashton-Tate. Ní ọdún 1992, Microsoft ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe FoxPro, ṣùgbọ́n ó jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ ní ọdún 2015. Ẹni tó ṣe àpótí lè lọ; ẹrù inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣí i. Èkíní, ẹ má fọwọ́ kan ògidì fáìlì. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo fáìlì tí wọ́n jọ wà pọ̀, nítorí inú èyí tó parí sí.dbt tàbí .fpt ni àlàyé gígùn máa ń wà. Èkejì, ẹ wo ìparí orúkọ rẹ̀: .dbf jẹ́ ti dBASE tàbí FoxPro; .wdb jẹ́ ti Microsoft Works. Ẹ̀kẹta, ẹ gba LibreOffice láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi Calc inú rẹ̀ ṣí ẹ̀dà náà. Orúkọ àti owó yóò tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ fi wọ́n wé ìwé ọwọ́ tí ẹ bá ní, kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀kẹrin, ẹ tún un fi pamọ́ ní CSV, tí ètò púpọ̀ lè kà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ẹ má ṣe gbé orúkọ àti owó ọlọ́wọ̀ fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Bí inú díìsìkì pẹlẹbẹ ni fáìlì wà, ẹ yára, nítorí díìsìkì a máa bàjẹ́ láìpariwo. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Kí bàbá ṣáà má ti kú kó tó pè é.