Ìrìn Àjò Ọjọ́ Kan: Ṣé Kí A Bá Ẹgbẹ́ Lọ Ni, Tàbí Kí A Dá Lọ?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹni tí ó fẹ́ lọ wo Àgbómẹ̀, Wídà tàbí Ganvié. Ní ìgbà kan, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àwọn òyìnbó nìkan ni ó máa ń rìn kiri láti wo ìlú onílùú. Ìrìn tiwa kò ju ti ọjà, ti ìsìnkú, ti ìgbéyàwó àti ti kíkí ará ilé lọ. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ, àwọn tí ó ń kọ́ ìwé ní èdè abínibí, àti àwọn ìdílé pàápàá, fẹ́ fi ojú ara wọn rí ohun tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ dìde ni èyí: ṣé kí a san owó fún ẹni tí yóò kó wa lọ, tí yóò sì kó wa bọ̀, tàbí kí a wọ ọkọ̀ fúnra wa? Ẹ jẹ́ kí a fi ìrìn àjò sí ààfin àwọn ọba Àgbómẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè rí èrè àti ìṣòro ọ̀nà méjèèjì.

Ohun tí ọ̀nà méjèèjì jẹ́

Ní ọ̀nà kìíní, ẹnì kan ni ó ṣètò gbogbo nǹkan. Òun ni ó wá bọ́ọ̀sì, òun ni ó dá àkókò, òun ni ó sì wá afinimọ̀nà, ìyẹn ẹni tí yóò mú wa yí ká, tí yóò sì máa ṣàlàyé. Iṣẹ́ tiwa ni kí a sanwó, kí a tètè dé, kí a sì tẹ̀ lé e. A gbéra ní kùtùkùtù, a sì padà sílé ní alẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ní ọ̀nà kejì, àwa fúnra wa ni olùṣètò. A wọ takísí ní ibùdókọ̀, a béèrè ọ̀nà, a san owó ìwọlé ní ẹnu ọ̀nà, a jẹun níbi tí ó wù wá. Bí ibì kan bá wù wá, a dúró pẹ́ níbẹ̀. Bí àárẹ̀ bá mú wa, a jókòó. Kò sí ẹni tí yóò máa pè wá pé bọ́ọ̀sì ti fẹ́ gbéra.

Ọ̀nà, ọkọ̀ àti àkókò

Ẹni tí ó bá ti Kétu lọ yóò gba ọ̀nà Kòvè dé Bòhíkọ̀n. Ẹni tí ó bá ti Ṣábẹ lọ yóò gba ọ̀nà ńlá tí ó kọjá ní Ìdáàṣà, yóò sì dé Bòhíkọ̀n bákan náà. Ẹni tí ó bá ti Àjàṣẹ́ lọ yóò kọ́kọ́ dé Kútọnù. Láti Kútọnù sí Àgbómẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 140. Bòhíkọ̀n ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń já èrò sí. Láti ibẹ̀, ó ku nǹkan bí kìlómítà 10 kí a tó dé Àgbómẹ̀, sẹ́míjàn tàbí takísí sì lè gbé wa débẹ̀.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé ní láti kíyè sí ohun kan. Ní èdè Faransé, "Abomey" ni wọ́n ń kọ fún Àgbómẹ̀, ìlú àwọn ọba. "Abomey-Calavi" jẹ́ ìlú mìíràn, tí ó wà nítòsí Kútọnù. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan lára ọkọ̀, tí kò ka èkejì, lè gúnlẹ̀ sí ibi tí kò fẹ́ lọ. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán, kí ẹ sì tún béèrè lọ́wọ́ awakọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà.

Takísí kì í gbéra àfi ìgbà tí ó bá kún. A lè jókòó sí ibùdókọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àṣálẹ́, ọkọ̀ a máa dínkù, ọ̀nà a sì máa léwu ju ti ọ̀sán lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó dá lọ gbọ́dọ̀ ka àkókò rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá: ìgbà wo ni mo fẹ́ dé ilé? Ìgbà wo ni mo gbọ́dọ̀ kúrò ní Bòhíkọ̀n? Ìgbà wo, nígbà náà, ni mo gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ààfin? Ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ lọ kò ní wàhálà yìí, nítorí bọ́ọ̀sì ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n òun náà yóò dúró de àwọn tí ó bá pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dídá lọ ni ó dín owó kù ní gbogbo ìgbà. Àwọn mìíràn rò pé bíbá ẹgbẹ́ lọ ni. Ìṣirò nìkan ni ó lè sọ òtítọ́. Àwọn iye tí ó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ fi iye tí ẹ bá gbọ́ ní ibùdókọ̀ àti lẹ́nu olùṣètò rọ́pò wọn.

Ká sọ pé olùṣètò ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san 15 000 fáráńkì. Ká sọ pé ẹni tí ó dá lọ yóò san 8 000 fún takísí àlọ àti àbọ̀, 1 000 fún sẹ́míjàn, 2 000 fún ìwọlé, 2 000 fún oúnjẹ, àti 5 000 fún afinimọ̀nà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18 000. Ẹni yìí ì bá jèrè 3 000 bí ó bá bá ẹgbẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́rin bá jọ lọ ńkọ́? Afinimọ̀nà kan ṣoṣo ni wọn yóò gbà. Wọn yóò pín 5 000 rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, yóò sì jẹ́ 1 250 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi 13 000 tí ó kù kún un, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san 14 250. Ó ti dín sí ti olùṣètò báyìí.

Ìbéèrè kan tún wà tí ó ju gbogbo èyí lọ: kí ni ó wà nínú 15 000 tí olùṣètò ń béèrè? Bí kò bá kan oúnjẹ àti ìwọlé, ẹ ó tún san 4 000 sí i, yóò sì di 19 000. Ní àwọn ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, owó afinimọ̀nà ti wà nínú owó ìwọlé. Ẹ béèrè kí ẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì.

Ta ni yóò sọ ìtàn náà fún wa?

Owó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Fún àwa tí a ń sọ Yorùbá, tí àwọn aládùúgbò wa ń pè ní Nàgó, Àgbómẹ̀ kì í ṣe ibi ìran wíwò lásán. Láti ààfin yẹn ni ogun ti máa ń jáde wá bá wa. Ní ọdún 1886, nígbà tí Ọba Glèlè wà lórí ìtẹ́, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì pa Kétu run, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lọ ní ìgbèkùn. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tí ó ṣẹ́kù tó padà wá tún ìlú dó. Ṣábẹ pẹ̀lú mọ ogun Dàhòmì.

Ààfin náà tóbi: ilẹ̀ tí ó gbà tó hẹ́kítà 47, nítorí pé ọba kọ̀ọ̀kan ń kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1985, àjọ UNESCO fi í sí ara àwọn ohun ìní tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ní ọdún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé sún mọ́ ìlú, Ọba Béhanzin ní kí wọ́n fi iná sun ún. Síbẹ̀, àwọn ògiri kan dúró. Ère tí wọ́n mọ sí ara ògiri ààfin Guézo àti ti Glèlè ń sọ ìtàn ogun àti agbára àwọn ọba, ti ogun tí wọ́n bá Nàgó jà sì wà lára wọn.

Nígbà náà, ẹ ro ó wò. Afinimọ̀nà tí ó dúró nínú ààfin àwọn ọba yóò sọ bí ọba ṣe ṣẹ́gun. Kò purọ́, ìtàn ilé rẹ̀ ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu tí ó ń gbọ́ ọ mọ̀ pé ìtàn kan náà ní apá kejì. Bí ó bá wà láàárín ènìyàn 30, tí afinimọ̀nà ń sáré sọ èdè Faransé, tí bọ́ọ̀sì sì fẹ́ gbéra, ìgbà wo ni yóò béèrè pé: "Níbo ni wọ́n kó àwọn baba wa sí? Iṣẹ́ wo ni wọ́n fi wọ́n ṣe? Ǹjẹ́ àwọn ọmọ wọn ṣì wà ní ìlú yìí?" Ẹni tí ó lọ pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀ ní àyè láti béèrè, kí ó sì gbọ́ ìdáhùn dáadáa.

Ní ọ̀nà yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín kí ẹ tó gbéra. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wọn nípa ogun náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì kọ ìbéèrè yín sí abẹ́ rẹ̀. Èyí wà lára èrè ìwé tí a kọ́.

Ibì kọ̀ọ̀kan àti ọ̀nà tí ó yẹ ẹ́

Ganvié yàtọ̀. Orí omi ni ó wà, lórí adágún Nokwé. Ìtàn sọ pé àwọn Tòfinù sá lọ síbẹ̀ kí àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú má baà rí wọn mú. Kò sí bí a ṣe lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni a ó wọ̀ láti Abomey-Calavi, a ó sì pín owó rẹ̀ láàárín àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Níhìn-ín, ó sàn kí a pọ̀ díẹ̀. Kí olúkúlùkù sì rí i pé òun ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ọkọ̀ tó ṣí.

Wídà rọrùn fún ẹni tí ó dá lọ. Kò jìnnà sí Kútọnù: nǹkan bí kìlómítà 40 ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sí etí òkun tó kìlómítà 4, àwọn ère sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. A lè fi ẹsẹ̀ rìn ín ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà tí ó pọ́n àwọn baba wa lójú báyìí kò yẹ kí a fi bọ́ọ̀sì sáré kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní, ọjọ́ ọdún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, èrò a máa pọ̀ gan-an níbẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó dára kí àwọn tí ó ní ọmọdé wà pẹ̀lú ẹgbẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún olùṣètò tí ó bá ní òun yóò fi Àgbómẹ̀, Ganvié àti Wídà hàn yín ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Inú ọkọ̀ ni ẹ ó ti lo ọjọ́ náà tán.

Ọ̀nà kẹta wà

Kò di dandan kí a mú ọ̀kan, kí a sì ju èkejì nù. Àwọn ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún lè jọ wọ ọkọ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì gba afinimọ̀nà nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ó yẹ ọ̀pọ̀ nínú wa jù. Ẹ gba afinimọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìwọlé, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó sáré bá yín ní ojú pópó. Ẹ fẹnu kò lórí owó kí ẹ tó rìn. Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan wà tí ó gbọ́ Yorùbá.

Ẹni tí ó dàgbà, tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹni tí kò gbọ́ Faransé tàbí Fọ̀n, àti ẹni tí kò tíì jáde kúrò ní àdúgbò rẹ̀ rí, kí wọ́n bá ẹgbẹ́ lọ láìtijú. Ìfọ̀kànbalẹ̀ wọn tó owó tí wọ́n san. Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n béèrè ohun márùn-ún:

1. Kí ni ó wà nínú owó yìí, kí ni kò sì sí níbẹ̀?
2. Wákàtí mélòó ni a ó lò nínú ààfin fúnra rẹ̀?
3. Èdè wo ni afinimọ̀nà yóò sọ?
4. Ìgbà wo ni a ó padà dé ilé?
5. Bí ìrìn àjò kò bá wáyé mọ́, ṣé a ó gba owó wa padà?

Kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n san, kí wọ́n sì kà á níwájú ẹni tí ó kọ ọ́.

Kí gbogbo ènìyàn béèrè kí wọ́n tó gbéra bóyá ibi tí wọ́n ń lọ wà ní ṣíṣí, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe a máa wáyé ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Níbi tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ. Níbi tí wọ́n bá ní kí ẹ má ya fọ́tò, ẹ má ṣe yà á. Ibojì àwọn ọba jẹ́ ibojì baba àwọn kan.

Àwọn àlejò ń wá sọ́dọ̀ tiwa náà. Wọ́n ń wá wo Akaba Ìdẹ́nà ní Kétu, wọ́n sì ń wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tí ó ti lọ sí Àgbómẹ̀, tí ó ti fetí sí ìtàn, tí ó sì ti béèrè ìbéèrè, yóò mọ ohun tí àlejò ń fẹ́ gbọ́. Nígbà tí àlejò náà bá dé ẹnu odi Kétu, tí ó sì ń wá ẹni tí yóò fi òun mọ̀nà, kí ó bá ọmọ ìlú tí ó lè sọ ìtàn náà fún un.